Ìka Méjì

Ọdún mọ́kànlá ni páálí náà fi wà lókè àjà,
láàárín àwọ̀n gbígbó àti agolo ọ̀dà tó ti gan.
Bàbá mi Torleif ló gé e
nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì pupa bí ìpẹtà.
Ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà kan sí i létí:
ibi tí ojú òun dé, bí òun bá dúró nídìí ìtọ́kọ̀.
“Bí a bá jókòó, kó bò wá. Bí a bá dìde, ká ríwájú.”
Òfin àtíbàbà ọkọ̀ onígbòkun ò ju ìyẹn lọ.

“Lọ́dún tó ń bọ̀,” ló wí.
Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó kọjá, kò kí wa.

Tapólì la ń lò nígbà náà,
aṣọ búlúù tí ìjì ń gbá létí.
Ìyá mi Gunnvor lá iyọ̀ ju ẹni tó ń tà á lọ.
Ìgbì á forí sọ imú ọkọ̀, á fò sókè, á fọ́ yángá,
á wá da gbogbo ara rẹ̀ sí i lọ́rùn.
Kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn fún ìbọ̀wọ́ rẹ̀,
ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì,
á wo Bàbá mi.
Ìwò yẹn tutù ju omi lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án, ní etí Stad,
ìjì fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tapólì já,
a rí i tó ń bá àwọn ẹyẹ òkun lọ.
Ìyá mi ní: “Òun mọ ibi tó ń lọ. Ìwọ ńkọ́?”

Ìgbà òtútù bá wa wọ ilé ọkọ̀.
Oòrùn ń yọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé:
ó wọlé, ó mú un, ó lọ.
A la pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun òrùlé,
ẹ̀mú mẹ́rìnlélógún dì í mú
(mo yá mẹ́fà lọ́wọ́ Oddvar,
ó ṣì ń béèrè wọn).
Àtè inú igo méjì: kò séyìí tó lè dá nǹkan kan dì,
pò wọ́n pọ̀, kí o yára,
kì í dúró de ẹni tó ń mu kọfí.
Aṣọ gíláàsì funfun lórí rẹ̀;
bí àtè bá kàn án, á mọ́ gaara,
á pòórá bí yìnyín lójú omi.
A fi sáńpépà ha á, a ha á, a ha á,
ó ń yún mi láti ọrùn dé orúnkún, ó bá mi dórí oorun.
Fèrèsé mẹ́ta. Irin ìdìmú tí kì í dípẹtà,
torí ẹni tó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ìgbì,
ohun tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ni ìyá rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ bá páálí mu, kò fi bíńtín yẹ̀.

Oṣù karùn-ún, a fi bóòtù dè é mọ́ ọkọ̀.
Bàbá mi bọ́ sídìí ìtọ́kọ̀.
Ó dákẹ́.
Ó na ọrùn. Ó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀
bí ọmọdé tó ń yọjú ní fèrèsé aládùúgbò.
Etí òrùlé ló bá a lójú gan-an,
pákó ló rí, kò rí òkun.
“Sunniva, o ṣì í gé.”
Mo fa téèpù. Mo wọn òrùlé. Nọ́ńbà pé.
Kò sẹ́ni tó ní kí n wọn òun.

Ìyá mi wò ó látòkè délẹ̀:
“Torleif, òrùlé kọ́ ló yí padà.”

Ìka méjì.
Bí ìfági ṣe ń bó pákó,
fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́,
a ò gbọ́ ìró kankan.

Ó mú ayùn. Mo sáré dábùú òrùlé wa.
Àpótí ẹja ló là,
ó to ọ̀pá rẹ̀ jọ, ó kàn án mọ́lẹ̀
níbi tí bàtà rẹ̀ máa ń dúró.
Orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹja dorí kodò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ó gun un. Ó rí ẹnu èbúté, ó rí Oddvar tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé a jáde.
Ìgbì wá, bó ṣe máa ń wá,
ó gbá òrùlé gbì, ó ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Kọfí Ìyá mi ò tilẹ̀ mì.
Ó gbé ife sílẹ̀, ó fún ìbọ̀wọ́ rẹ̀,
ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì.
Omi kankan ò kán.