Yí Aṣọ Náà Sódì

Ìyá mi ránṣọ ní Òyìngbò fún ogún ọdún ó lé.
Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ aránṣọ mìíràn wá bá a,
kì í wo ọrùn, kì í wo apá.
Á yí aṣọ náà sódì,
á fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú lọ títí dé abíyá.
"Ibí ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n," á wí.
Á tún béèrè: "Ìyókù aṣọ dà?"

Èmi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú.
Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tèmi,
ní àjà kejì ilé kan ní Èbúté Mẹ́ta
níbi tí fèrè ọkọ̀ ojú irin ti ń mi fèrèsé.
Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ló pè mí:
ètò tó ń ṣírò èlé wọn ń ṣe ségesège,
ẹni tó kọ ọ́ ò sì sí ńlẹ̀ mọ́.
Kúforíjì. Àwọn kan ní ó wà ní Kánádà,
àwọn kan ní Abẹ́òkúta ni.
Akọ̀wé ní òun ò rántí ojú rẹ̀.

Mo ṣí i. Ẹgbàajì ìlà ó lé díẹ̀.
Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí yàrá ìyàwó tuntun:
owó ń jẹ́ owó, ọjọ́ ń jẹ́ ọjọ́,
àlàyé kúkúrú lókè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń kí àlejò kó tó ní kó jókòó.
Mo ní, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí.

Nígbà tó di nǹkan bí ìlà ẹgbẹ̀rin, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú.
Owó di o. Ọjọ́ di j.
Lẹ́yìn náà j2, lẹ́yìn náà j2_tuntun,
lẹ́yìn náà, Ọlọ́run gbà wá, j2_tuntun_gangan.
Iṣẹ́ kan náà níbi mẹ́ta:
ó tún ọ̀kan ṣe, ó gbàgbé méjì.
Mo pòṣé. Mo ní ọ̀lẹ ni.
Mo ní ilé tí wọ́n fitọ́ mọ, ẹ jẹ́ kí ìrì wó o.

Ìgbà náà ni mo wo aago tó so mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.
Aago mẹ́ta òru. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan.
Lẹ́yìn rẹ̀, àlàyé kan ṣoṣo:
"Wọ́n mú iná lọ, bátìrì ti fẹ́ kú.
Alága fẹ́ ẹ lọ́la. Èyí kò dára. Mo mọ̀."

Mo mọ̀.
Ta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò rí?

Mo ń wá àṣìṣe lọ, mo kan kọ́bọ̀.
Èlé kì í pín geere; kọ́bọ̀ máa ń ṣẹ́ kù
lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin arúgbó, lóṣooṣù, fún ọdún mẹ́ta.
Ibẹ̀ ni olè máa ń sápamọ́ sí.
Ẹnu mi gbẹ. Mo tọ̀ ọ́ láti ìlà dé ìlà
bí ọdẹ ṣe ń tọ ẹ̀jẹ̀ lórí koríko.
Ó kó wọn jọ sínú àpò kan.
Ó sọ àpò náà ní tiwọn_ni.
Bí ọdún bá parí, á pín in padà,
á bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù.
Kò sẹ́ni tó rán an. Kò sí nínú ìwé àdéhùn.
Mo bi akọ̀wé; kò tilẹ̀ mọ̀ pé kọ́bọ̀ ń ṣẹ́ kù.

Àṣìṣe ọ̀hún ńkọ́? Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.
j2_tuntun_gangan ò gbà pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo fi tún un ṣe.

Alága ní, "Ṣé iṣẹ́ ọmọkùnrin yẹn dáa ṣá?"
Mo ní, "Ojú òwú rẹ̀ wọ́, bàbá,
ṣùgbọ́n kò gé nínú aṣọ oníbàárà."
Kò yé e. Ó sanwó mi.

Kí n tó pa á dé, mo kọ ìlà kan sábẹ́ tirẹ̀:
"Mo rí i. Ẹ kú iṣẹ́ òru."
Àfi bí mo ṣe wòkè díẹ̀, níbi tí mo tún ṣe,
èmi náà ti sọ nǹkan kan ní k.