Ọwọ́ Mi Lẹ́yìn Mi

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pé kí n kọ́ wọn
bí ènìyàn ṣe ń dá dúró.
Ọdún kọkànlá rèé nílùú Valdivia,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè,
ara mi ni mò ń kọ́:
mò ń kọ́ ọwọ́ mi kó dúró lẹ́yìn mi.

Torí ọwọ́ tó yá jù a máa jí ọ̀wọ̀ gbé.

Ovidio, tí kò ríran láti inú oyún,
ń gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ ń wá ìka rẹ̀ kiri.
Ọwọ́ mi ti nà kí n tó mọ̀.
"Tìṣà, ẹ mí o," ó ní, "ẹ ti di èémí yín mú.
Ẹ jẹ́ kí èmi àti àlùbọ́sà parí ìjà wa."
Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń dà lẹ́nu rẹ̀:
"Ẹ ò rí i? Ojú mi náà mọ àlùbọ́sà!"

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.
Nibaldo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo pẹpẹ, ó wò mí,
ó ní ta ló kan án sókè bẹ́ẹ̀?
N kò rí èsì fọ̀.
A yá sukudiráfà lọ́wọ́ aládùúgbò,
a sọ pẹpẹ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.
Láti ìgbà náà, bí mo bá ń wá ife,
èmi ni mò ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹyin mẹ́rìndínlógójì ni Yasna fọ́
kí ẹyọ kan tó balẹ̀ sínú àwo láìní èèpo.
Gbogbo rẹ̀ la jẹ. Mo sanra lọ́dún yẹn.

Ìyá Yasna ló ń bá a so okùn bàtà
títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún.
Ìfẹ́ ni. N kò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi bú u.
Èmi náà, lọ́jọ́ tí Yasna kọ́kọ́ dá wọ bọ́ọ̀sì,
mo fi ìwé ìròyìn bojú, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá,
agbòjò mi aláwọ̀ ìyeyè láàárín ẹsẹ̀ mi.

Bọ́ọ̀sì gbéra létí odò, níbi ọjà ẹja,
níbi tí kìnnìún òkun ti ń hanrun bí ọkọ tó yó.
Yasna ń fi ìka ka àmì tó há sórí:
afárá, ilé oníṣègùn eyín,
ilé búrẹ́dì aláwọ̀ ewé. Níbẹ̀ ni kó ti tẹ agogo.
Kò tẹ agogo.
A kọjá ilé wa. A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì.
Ahọ́n ń yún mi, mo gé e jẹ.

Ó dìde, ó di irin mú, ó lọ bá awakọ̀:
"Ilé búrẹ́dì aláwọ̀ ewé dà?"
"Wọ́n kùn ún ní pupa lánàá, ọmọ mi."
"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"
Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò,
kọ́kọ́rọ́ ń jó lọ́rùn rẹ̀,
okùn bàtà kan ti tú.

Nígbà tí mo fi máa délé, ìlẹ̀kùn ti wà ní títì.
Mo kànkùn.
"Ta ni?"
"Èmi ni."
"Èmi kì í ṣe orúkọ."
Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ rèé, lórí tábìlì ilé ìdáná,
lọ́sẹ̀ mẹ́fà.
"Herminda Ormeño," mo ní, omi ń kán ní imú mi.

Ó dákẹ́, ó ń rò ó.
"Ẹ fi agbòjò aláwọ̀ ìyeyè yẹn sílẹ̀ níta," ó ní,
"mo ti rí i nínú bọ́ọ̀sì.
Ẹ dúró ná. Ẹyin ń bẹ lórí iná."

Mo dúró.
Kọ́kọ́rọ́ kò tíì yí.