Yóò

Aago méjì òru ní Fresno.
Mò ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí álímọ́ńdì,
èmi àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń hanrun,
èmi àti ife kọfí tó ti di omi tútù.
Mo ṣí ìwé ìmọ̀ tí gbogbo ayé jọ ń kọ,
apá tó jẹ́ ti Yorùbá,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń já mi jẹ níbẹ̀:
yóò.

Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá náà yóò gba àárín ìlú kọjá.
Yóò gbé èrò. Yóò sáré ju ẹyẹ lọ.
Mo ka yóò mẹ́tàdínlógún lójú ewé kan,
kò sí “ti” kan ṣoṣo láàárín wọn.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà.
Ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa,
ohun tó bá dé nìkan ló ń kọ sínú rẹ̀:
Ọkọ̀ aago mẹ́ta dé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Ewúrẹ́ méjì sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkan ò sọ pé òun ló ni wọ́n.
Bí èrò bá bi í pé, “Bàbá Dùnjoyè, ìgbà wo ni yóò dé?”
á ní, “Ẹ bi ọkọ̀. Èyí tó bá dé ni èmi mọ̀.”

Ni mo bá fọwọ́ kan ojú ewé.
Mo pa yóò kan rẹ́, mo kọ ọ́ báyìí:
Òpó kọnkéré ti dúró lẹ́yìn ilé Remedios Villaseñor.
Wọ́n ti ra ilé náà. Wọ́n ti wó o.
Igi ọsàn rẹ̀ ṣì wà, ó ń so, kò sẹ́ni tó ń ká a.

Remedios tó máa ń kó ọsàn fún mi nínú àpò ìrẹsì,
tó ń pè mí ní Don Joye
nítorí Dùnjoyè kò gba ẹnu rẹ̀.
Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà báyìí, ní Bakersfield,
àjà kẹta, níbi tí èèyàn ò ti lè gbin ata.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹnìkan ti dá gbogbo rẹ̀ padà.
Ọmọ Ìgbájọ 72 ló ń jẹ́ níbẹ̀.
Winnipeg ló ń gbé, yìnyín sì wà nínú gbólóhùn rẹ̀:
“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtọ́kasí dà?”

Mo fèsì pé, “Ojú mi ni.”
Ó ní, “Ojú yín kì í ṣe ìwé ìròyìn.”
Mo ní, “Ọmọ Yorùbá, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?
Ìròyìn kò tó àfojúbà.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.
Mo rí i lọ́kàn mi tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ìka kan lẹ́yìn ìka kan.
“Nílé, bẹ́ẹ̀ ni,” ló kọ.
“Níbí, ìròyìn ló tó. Àfojúbà ni kò tó.
Ẹ má bínú. Èmi náà fi ìyá mi sójú ewé Ìgbájọ nígbà kan.
Wọ́n yọ ọ́.”

Ta ni mo tún fẹ́ bá jà?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wakọ̀ gba ibẹ̀.
Òpó mọ́kànlá tò bí èrò tó ń retí ọkọ̀,
ẹyẹlé ti kọ́lé sórí ìkẹta,
lókè wọn, ìkùukùu nìkan ló ń kọjá.
Mo gba abẹ́ wáyà wọlé bí olè, èmi ọdẹ,
mo ká ọsàn méje.

Lálẹ́, mo padà sójú ewé.
Yóò kan ṣoṣo ni mo tún ṣe.
Mo fi ọ̀rọ̀ méjì síwájú rẹ̀: wọ́n ní.
Wọ́n ní yóò.
Ọmọ Ìgbájọ rí i. Kò fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà mo fa ìwé ọdẹ sọ́dọ̀, mo buwọ́ lù ú:
Aago méjì òru. Kò sólè.
Ọsàn méje wà lórí tábìlì, ọ̀kan kan.
Ọkọ̀ kò tíì dé.