Ikọ́ ní Ìṣẹ́jú Kẹsàn-án

Ilé tí wọ́n ti ń la ẹja láyé àtijọ́
la sọ di ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Suðuroy,
erékùṣù tí afẹ́fẹ́ kì í bá gbélé.
A kan awọ àgùntàn mọ́ ògiri kí ariwo má baà ta padà.
Òórùn ẹja wà níbẹ̀ síbẹ̀,
ó ní òun lòun kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni owó wa ká.
Orin márùn-ún péré, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀:
ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún,
ó ń ka méje, ó ń ka mọ́kànlá,
ó tún ṣẹ́rí padà sí méje
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.

Hanus ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Hanus kì í rẹ́rìn-ín.
Ó ya orin náà sórí bébà tí wọ́n fi ń di ẹja,
ó lẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé fèrèsé,
ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń tọ ipasẹ̀ olè.
Marjun ló ni gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.
Okùn rẹ̀ ki bí èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté;
bó bá ti fà á, tíì inú ife mi a máa gbọ̀n.

Eyðun, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò lọ́jọ́ Ajé,
òun ló ń bú ramúramù lọ́jọ́ Ẹtì.
Ó mu wàrà gbígbóná, ó bọ́ bàtà, ó dojú kọ ògiri,
ohùn kan jáde tí ìyá tó bí i kò mọ̀.
Ajá aládùúgbò dáhùn.
A ní láti tún un gbà.

Rógvi ló wà nídìí ìlù.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré bí òjò lórí páànù,
ọwọ́ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sìnkú.
Ní ọjọ́ kejìlá, àtẹ́lẹwọ́ bó, ó fi téèpù dì í.
Ọ̀pá ìlù mẹ́rìnlá ló dá; mo kà wọ́n,
inú ààrò la fi wọ́n sí.

Èmi ń tẹ bọ́tìnì. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
"Ẹ tún un gbé." Ìgbà ọgbọ̀n. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Irin kan irin, kò sí èyí tó fẹ́ tẹ̀.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún, tí orin náà gbà.
Méje. Mọ́kànlá. Méje.
Ẹnì kan ò wo ojú ẹnì kejì.
Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀
tó ku gìtá kan ṣoṣo tó ń kán tó bí omi,
ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Jógvan yọjú, bàbá Rógvi,
ó fi ìwé ìròyìn wé ẹran àgùntàn gbígbẹ wá fún wa.
Ó rí iná pupa, ó dúró gbagidi, ó pa ẹnu mọ́,
ó wúkọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ikọ́ ẹni tó ń tọrọ gáfárà.

Hanus ní kí n yọ ọ́. Mo ní mo ti yọ ọ́.
Lóòótọ́, mo gbé ọ̀bẹ kọ̀ǹpútà lé e lọ́rùn.
Ṣùgbọ́n orí oókànlá gẹ́lẹ́ ni ikọ́ náà bọ́ sí,
àyè tí Rógvi kì í lu nǹkan kan sí.
Mo paná, mo lọ sùn.

Nínú oṣù Èrèlé,
ọkọ̀ Jógvan padà wálé láìsí Jógvan.

Àwo ti jáde báyìí. Rógvi pè mí lóru àná,
aago méjì ti kọjá. Kò kí mi.
Mo ń gbọ́ orin lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ ibi tó dé:
gìtá kan ṣoṣo, omi tó ń kán.
Mo ní, "Rógvi, mo purọ́ fún yín."
Ó ní kí n dákẹ́.
Ó gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn,
mo sì gbọ́ ọ tó ń kà á sábẹ́ èémí:
ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá