Àrólé Iná

Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò.
Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ,
tí mo sì ń káàánú iná
pé kò bímọ gidi.

Nígbà náà, mi ò tíì bá Ṣàbí Ọyèélékan ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Ṣábẹ̀ẹ́,
níbi tí wọ́n ti ń fi ìyàngbò ìrèké dáná,
òkìtì eérú kan wà níbẹ̀, ó dúdú, ó ga ju akẹ́rù lọ.
Ọyẹ́ dé, ó gbé e wọnú ọbẹ̀ wa,
ó gbé e sára aṣọ tí a sá.
Ìyá mi a máa ṣépè fún un láràárọ̀.

Ṣàbí ra àpò méje. Rárá, kò rà á:
ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló ní kó máa kó o lọ,
ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
A tún un sun títí dúdú ara rẹ̀ fi ṣí,
a gún un.
Asẹ́ ògì ìyá mi ni mo jí fi sẹ́ ẹ,
ó kúnná bí àtíkè.
Páànù sìmẹ́ńtì mẹ́rin, páànù eérú kan,
yanrìn odò Ọ̀pàrà, òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ òkè:
a fi da afárá kékeré ọ̀nà oko Ìdí-Ẹmì.

Ọjọ́ keje, Dọsítéè tó ń ta sìmẹ́ńtì
fi ìṣó ha á. Ìṣó wọlé.
“Ẹ wá wò ó! Wọ́n fi àdògán ṣe afárá!”
Oorun ò kun Ṣàbí lálẹ́ ọjọ́ náà.
Èmi náà yọ́ lọ gbọ́wọ́ lé e nínú òkùnkùn:
ó tutù, ó dákẹ́,
bí ọmọ tí kò tíì fọhùn.

Sìmẹ́ńtì a máa kánjú.
Eérú ti jóná rí, kí ló tún ń lé e?
Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn nínú ara afárá,
ó ń wá ihò tí omi ì bá gbà,
ó ń dí i.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ìṣó tẹ̀.
Oṣù kẹta, àgbàrá gun orí rẹ̀ fọ́jọ́ méjì,
ó sọ̀ kalẹ̀,
akẹ́rù iṣu sì kọjá.
Afárá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, aláìléérú,
irin inú rẹ̀ ti yọ eyín síta.

Iná bímọ.
Ọmọ náà ló pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Orí afárá yẹn ni ìyá mi ń gbà lọ sóko báyìí.
Ó ṣì ń ṣépè fún eérú,
ó ṣì ń bèèrè asẹ́ rẹ̀.
Mi ò tíì sọ ohun tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un.