Ẹ̀kẹfà

Yìnyín kò tíì jábọ́, ṣùgbọ́n odò ti ń ronú rẹ̀.
Láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi, Odilon Cyr,
ti wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ lọ sí gáréèjì,
ó ń pe nọ́ńbà bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì:
"Ọ̀kan dà? Èjì? Rọra gbé e, igun rẹ̀ ti ń là."

Férémù mọ́kànlá ni, igi kédárì,
tínínrín bí apá ọmọdé,
a na ọ̀rá tó mọ́ gaara bò wọ́n, a fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́lẹ̀.
Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe wọ́n.
Ìyá mi di téèpù mú lọ́wọ́ kan, pẹ́ńsù wà lẹ́nu rẹ̀,
bàbá mi ń gé, ìyá mi ń sọ pé kò tọ́, bàbá mi ń gé òmíràn.
Ìyá ní: "Nínú gbogbo èébù tí mo bú ọ lónìí,
ìdajì rẹ̀, kantíkantí ló ni ín."

Nígbà ooru, nẹ́ẹ̀tì ló ń ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa:
afẹ́fẹ́ a wọlé láìkanlẹ̀kùn,
ohùn odò a wọlé, òórùn oko ọ̀dùnkún àwọn Michaud a wọlé,
ẹ̀fọn nìkan la dá dúró lóde.
Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹwàá bá ti gbéra,
nẹ́ẹ̀tì di ẹnu tí kò ṣeé pa dé.
Ògiri lanu. Níhìn-ín, aláǹgbá kọ́ ló ń wọlé, òtútù ni,
kì í sì í bẹ̀rù ìgbálẹ̀.

Ọwọ́ ìyá mi wà lẹ́yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
"3, ẹ̀gbẹ́ àga."
"4, ẹ fi í sílẹ̀ kẹ́yìn, ó ń bínú."
Ti ẹ̀kẹfà, etí igi gan-an ló kọ ọ́ sí:
"Òkè rèé, Odilon. ÒKÈ."

Oṣù kejì ló kú. Oṣù karùn-ún la tó sin ín.
Ilẹ̀ ibí a máa le bí irin,
òkú a dúró de oòrùn.

Ọ̀kan wọlé. Èjì wọlé, a yí ìdè rẹ̀, ó dún kẹ́.
Ẹ̀ta. Ẹ̀rin bínú, ó wọlé. Àrún.
Ẹ̀kẹfà kọ̀.
A tì í, ó kọ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò, òkè náà ni òkè, ó kọ̀.
Bàbá mi na téèpù: kọ́tà ínṣì péré.
Ilé ló jókòó, ó ní. Òtútù a gbé ilẹ̀ sókè,
ooru a gbé e sọ̀ kalẹ̀, lọ́dọọdún,
òpó wo ni kò ní tẹ̀?

Mo nawọ́ sí ìfági. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.
Ṣùgbọ́n ibi tí ń ó fá, ibẹ̀ ni "Odilon" wà,
pẹ́ńsù lásán, kò jinlẹ̀ tó èékánná.
Bàbá mi gba ìfági lọ́wọ́ mi.
Ó wo férémù. Ó wo òpó
tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nàró kí wọ́n tó bí mi,
òpó tó ru òrùlé.
Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá òpó.

Zélie ń kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó kígbe láti ojú ọ̀nà:
"Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé orí lẹ ń dín kù
kí fìlà lè bà á wọ̀?"
Bàbá mi ò gbójú sókè.
Fáfá igi ń jábọ́ sórí orúnkún rẹ̀,
ó pọ́n, ó ń ta sánsán bí àpótí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí ìkọkànlá tó wọlé.
A jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọfí lọ́wọ́,
ọ̀rá ń wú, ọ̀rá ń fà sínú, bí ẹni tó ń sùn.
Atẹ́gùn díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kẹrin wọlé.
Bàbá mi fi ìbọ̀sẹ̀ kan dí i.
Ìbọ̀sẹ̀ ta ni, n ò bèèrè.