Abẹ́ Ìjókòó

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́.
Mo tún un yí. Kẹ́, bí ẹni fi èékánná ta abọ́.
Ẹ̀rọ ìgékoríko aláwọ̀ ewé,
èyí tí àwọn tó ti jáde níbí dáwó jọ rà fún wa,
tí mo máa ń gùn bí ẹṣin yí pápá ká,
dúró síwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, ó pa ẹnu dé.

Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ Ẹtì leré ìdíje.
Koríko ti dé orúnkún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní,
òjò Ìkọ̀lé ọdún yìí kò fi ọwọ́ kékeré bomi rin ilẹ̀.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà ní ọsibítù Ìdó,
kò sẹ́ni tó gùn ún lẹ́yìn mi.
Wọ́n ní ti Fámúrewá ni, ẹ jẹ́ kó dé.
Mo dé.

Tíṣà Jégedé, tó ń kọ́ wọn ní físíìsì, ní bátìrì ni.
A fi waya so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ rẹ̀,
pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú,
iná ojú ẹ̀rọ tàn yòò.
Kẹ́.
Bàbá ọlọ́dẹ ní epo inú táǹkì ti kú.
Tíṣà ní epo kì í di kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu,
síbẹ̀ a fà á sínú kẹ́ẹ̀gì, a da tuntun sí i.
Kẹ́.
Mo tú pílọ́ọ̀gì, mo fi sándípépà ha á
títí ó fi dán bí eyín ọmọdé.
Kẹ́.
Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n bẹ̀ ẹ́.
Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ fún ọ̀gá.

Oòrùn ti kàn wá látàrí
kí Ìbídùn tó dé, ọmọ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta;
owó tí Tíṣà jẹ ẹ́ ló wá gbà.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó yí ẹ̀rọ po lẹ́ẹ̀kan,
ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní,
"Bàbá, ẹ mà ti rù o."
Mo ní èmi kọ́ la ń tún ṣe, ẹ̀rọ ni.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi,
ó fi gbogbo ara rọ̀ ọ́.
"Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ yí i."

Gìrìrìrì!

Àwọn ọmọ ojú fèrèsé hó yèè.
Ó gbé ọwọ́ kúrò, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò,
ẹ̀rọ kú.

Súwíìṣì kan ló wà lábẹ́ ìjókòó, kò ju èkùrọ́ lọ,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ̀ bóyá ènìyàn wà lókè.
Bí kò bá sí ènìyàn, kò ní jẹ́ kí abẹ yí,
kí ẹni tó bá ṣubú má baà wá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko.
Ó gbọ́n. Síríńgì ìjókòó ni kò mọ ìwọ̀n mi mọ́.
Mo jókòó sórí rẹ̀ láti àárọ̀, mo ń làágùn,
lójú tirẹ̀, kò sẹ́nìkan.
A ní ẹrù amúkùn-ún wọ́,
òkè la sì ń wò.

Ìbídùn gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì kan tó ti já,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó, kó lè máa kan súwíìṣì lórí.
Kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lọ jẹ uyán,
"ẹ jẹ ẹ́ títí ẹ ó fi yọ rọ́bà yìí dànù."
Tíṣà ló há mọ́ lọ́rùn.

Mo gé pápá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú,
àlọ kan, àbọ̀ kan,
òórùn koríko tútù dì mọ́ mi bí ará ilé.
Nídìí gólì mo rí òkúta kan,
mo nà dìde díẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa.
Ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì.

Mo dúró níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan.
Ó mọ ìgbà tí mo kúrò.